Májèlé àti Oògùn Lábẹ́ Òrùlé Kan: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Kan ní Yunifásítì

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, kò fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá. Wọ́n ti rí i bí oúnjẹ ọ̀sán ṣe ń di ikú alẹ́, bí àgbo tí a sè nítorí ìwòsàn ṣe ń sọ ilé aláyọ̀ di ilé ọ̀fọ̀, àti bí igi tí ọdẹ fi ṣe oró sí ẹnu ọfà láti fi gbé ẹfọ̀n ṣánlẹ̀ ṣe lè jẹ́ igi kan náà tí oníṣègùn ń bu díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù dáadáa mọ́. Ohun tí wọ́n rí yìí ni àwọn yunifásítì òde òní ń kọ́ lábẹ́ orúkọ méjì: famakọ́lọ́jì, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe nínú ara, àti tọksikọ́lọ́jì, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa májèlé. Bí a bá wo bí a ti ń kọ́ méjèèjì nílẹ̀ wa, a ó rí i pé ti oògùn ni a gbé sórí àga, tí a sì tẹ́ ẹní fún ti májèlé ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn, bí àfikún tí a fi í parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àkókò ìdánwò bá ti sún mọ́lé. Mo lòdì sí ètò yìí. Ẹni tí yóò bá mọ oògùn ní àmọ̀dájú, láti ẹnu ọ̀nà májèlé ni kí ó ti wọlé, àwọn àpẹẹrẹ tí ó sì dára jù lọ tí olùkọ́ lè fi kọ́ ọ, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí n mú ohun kan ṣoṣo tí a lè fi la ojú akẹ́kọ̀ọ́ sí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, n kò ní mú ohun mìíràn ṣáájú ẹ̀wà Èsèré, ẹ̀wà dúdú tí ń hù létí odò ní agbègbè Kàlàbá, tí àwọn ará Efik ń fi dájọ́ láyé àtijọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ fún mu: bí ó bá bì í, ó mọ́, bí ó bá kú, ọ̀ràn parí, kò sì sí ẹni tí yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland ni wọ́n gbé ẹ̀wà náà dé Edinburgh, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti kọ ìwé ńlá lórí májèlé ní 1829. Ní 1855 ọkùnrin yìí, tí kò rí ẹlòmíràn tí ì bá fi dán an wò ju ara rẹ̀ lọ, jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà. Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó gbé omi tí ó fi fá irùngbọ̀n rẹ̀ mì kí ó lè bì, bẹ́ẹ̀ ni ikú rékọjá lórí rẹ̀. Thomas Fraser, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, fi ẹ̀wà kan náà gba oyè dókítà ní 1862. Argyll Robertson, dókítà ojú, rí i ní 1863 pé omi rẹ̀ a máa mú ọmọlójú sún kì. Ní 1864 Jobst àti Hesse, ará Jámánì, yọ ògidì oró inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní physostigmine, èyí tí àwọn ará Faransé fi orúkọ Kàlàbá gan-an pè ní eserine. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, ohun tí a fi ń pa àjẹ́ ti dé inú ìgò oníṣègùn ojú.

Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí oró náà ń gbà ṣiṣẹ́. Ọdún 1921 ni Otto Loewi fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ hàn pé iṣan tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ a máa tú omi kan jáde láti fi jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, omi tí a wá mọ̀ sí acetylcholine; ní 1926, òun àti Navratil fi hàn pé ensáìmù kan wà nínú ara tí ń pa omi náà rẹ́ kíákíá lẹ́yìn iṣẹ́, bí agbálẹ̀ tí ń gbá ọjà mọ́ lẹ́yìn títú rẹ̀, àti pé ohun tí oró ẹ̀wà Èsèré ń ṣe ni pé ó ń so ọwọ́ agbálẹ̀ yìí. Iṣẹ́ kò wá dáwọ́ dúró mọ́: itọ́ ń dà, àyà ń há, ọmọlójú ń sún kì, iṣan ń gbọ̀n títí ó fi rọ jọwọrọ, èémí a sì tán. Nígbà tí Mary Walker, dókítà obìnrin ní Greenwich, ronú jinlẹ̀ lórí èyí ní 1934, ó gún abẹ́rẹ́ physostigmine fún aláìsàn kan tí iṣan rẹ̀ kò lágbára láti gbé ìpéǹpéjú, ìpéǹpéjú náà sì gbéra. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Percy Julian, ọmọ-ọmọ ẹrú ní Amẹ́ríkà, àti Josef Pikl, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ ara wọn ro ó pọ̀ láìlo ẹ̀wà kankan.

Nínú yàrá ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ a máa gé iṣan ikùn ọ̀pọ̀lọ́, a so ó kọ́ sínú ìgò omi iyọ̀ tí atẹ́gùn ń hó nínú rẹ̀, a kán acetylcholine sí i, iṣan a sún kì, ọ̀pá ìkọ̀wé a sì fa ìlà sókè lára ìlù tí a fi èéfín kùn dúdú. Lẹ́yìn náà a kán eserine sí i, a tún kán ìwọ̀n acetylcholine tí ó kán tẹ́lẹ̀, ìlà a sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Níbi tí owó wà, kọ̀ǹpútà ti gba ipò ìlù eléèéfín. Níbi tí kò sí, fídíò ni wọ́n ń wò, èmi kò sì rò pé ẹni tí ó wo fídíò lè mọ ohun tí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so iṣan náà kọ́ mọ̀.

Èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ sọ kí agogo tó lù, tí ọ̀pọ̀ kò sì sọ, ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lára ọ̀pọ̀lọ́ yìí ni ọ̀tápiápiá ń ṣe lára ènìyàn. Dichlorvos tí a ń tà ní ìgò kékeré lójú pópó láti fi pa aáyán, ọwọ́ ensáìmù kan náà ni òun náà ń so, àmọ́ ìdè tirẹ̀ le ju ti ẹ̀wà lọ. Òun ni àwọn oníṣòwò kan ń fọ́n sára ẹ̀wà jíjẹ nítorí kòkòrò, ohun tí ó mú kí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní 2015. Òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ tí ayé sú ń gbé mu, tí àjọ NAFDAC fi gbógun ti ìgò rẹ̀ kékeré ní 2019. Atropine ni dókítà ń fi dá ẹni tí ó mu ún padà, bí ó bá tètè dé. Bẹ́ẹ̀, ìjà àárín atropine àti oró ẹ̀wà Èsèré ni Fraser ti wọ̀n lórí ẹranko ní Edinburgh ṣáájú ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Lẹ́yìn bí oró ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ló kàn. Paracelsus, dókítà ará Switzerland ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ló là á fún àwọn ará Yúróòpù pé ohun gbogbo ni májèlé wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Yorùbá ní àṣejù, baba àṣetẹ́, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n yunifásítì kò lè fi òwe wọn nǹkan. Ní 1927 Trevan, ní London, gbé ìṣirò kalẹ̀ pé kí a wá ìwọ̀n tí yóò pa ìdajì ẹranko tí a fún jẹ. Ó gba ẹranko púpọ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n para pọ̀ ṣe òfin ìdánwò sì ti pa á tì láti 2002. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà Lorke ti 1983, tí kò gbà ju eku mẹ́tàlá lọ, ni ó gbajúmọ̀ nínú ìwé oyè, nítorí eku wọ́n, oúnjẹ eku sì wọ́n jù ú lọ. Kí a má gbàgbé pé nọ́ńbà ìwọ̀n apani yìí kò sọ ju ikú ojú ẹsẹ̀ lọ: kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀ ẹni tí ó ń mu díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún. Àní paracetamol tí kò sí ilé tí kò sí, tí a ń fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀dọ̀ a máa sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di oró, a sì ní ohun tí ó fi ń pa oró náà. Bí ènìyàn bá gbé e mì lápọ̀jù, ohun ìparó yìí a tán, ẹ̀dọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú nígbà tí aláìsàn ṣì ń rò pé òun ti bọ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí ni yóò mọ ìdí tí a fi ń sáré fún un ní acetylcysteine kí ojú rẹ̀ tó pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ̀ sílé, sí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, níbi tí wọ́n ti dá yunifásítì àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1948, tí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn ní 1957. Láyé ìgbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí gìrì bá gbé ni wọ́n ń fún ní àgbo ìtọ̀ màlúù: ìtọ̀ tí a rẹ ewé tábà sí, pẹ̀lú aáyù, àlùbọ́sà, ewé ẹfinrin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọmọ a dákẹ́, ìyá a sì rò pé gìrì ti lọ. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọmọ kò ní jí. Bí ó bá kú, gìrì ló pa á, kò sí ẹni tí yóò fura sí àgbo. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn, tí D. D. O. Oyebola wà lára àwọn aṣíwájú wọn, kò dúró lórí ìbáwí nìkan. Wọ́n gbé àgbo náà wọ yàrá ìdánwò, wọ́n fún ajá àti eku, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, èémí, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìwé tí Oyebola tẹ̀ jáde ní 1983 tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí ó wà nínú àgbo náà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ọ̀nà tí ó ń gbà pani. Oró ewé tábà a máa ta jìjì sí iṣan ara, a sì tẹ̀ ẹ́ rì, àgbo náà a fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ títí ọpọlọ yóò fi pàdánù oúnjẹ rẹ̀, èémí a sì lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí fífa omi ṣúgà sí ọmọ lára fi di ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ń rò. Nínú gbogbo iṣẹ́ májèlé tí a ti ṣe nílẹ̀ yìí, èyí ni mo fi ṣe olórí, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyá ọmọ dúró sí, ó sì parí sí ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì lè ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè: gìrì tí àwọn ìyá ń bá jà kì í ṣe àlá, tábà sì lágbára, ìwọ̀n àti ara ọmọdé ni wọn kò mọ̀.

Iṣẹ́ Kayode Osuntokun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí òun náà jẹ́ dókítà ní Ìbàdàn, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti parí. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ó rí àwọn tí ẹsẹ̀ ń jó, tí ojú ń ṣú, tí etí ń di, tí ìrìn wọn sì dà bí ti ọ̀mùtí; ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wọn gbójú lé, gàrí àti púpurú láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìwé rẹ̀ ti 1968 gbé ẹ̀bi lé sáyánáìdì tí ó ń ṣẹ́kù nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa, ẹ̀rí sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó padà lọ sí Ọ̀ṣọ̀sà, ìlú kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú náà, ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà rí i pé àrùn náà ṣì wà, wọ́n sì ṣiyèméjì pé sáyánáìdì nìkan ló fà á. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, mo sì rò pé kí a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, láìbó o lára, kí ó lè mọ̀ pé rírí oró nínú ẹ̀jẹ̀ kò tíì tó láti dá oró náà lẹ́bi.

Èyí tí ó parí dáadáa ni ti kòkòrò. Ní Iléṣà, Wright àti David Morley kọ̀wé ní 1958 nípa àrùn kan tí ń dé lọ́dọọdún ní ìgbà òjò: ènìyàn a jẹun tán, a máa bì, ara a máa gbọ̀n, kò ní lè dìde dúró. Ọdún gorí ọdún kí Bola Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tó so ó mọ́ Anaphe venata, kòkòrò inú ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tí a ń fi òwú rẹ̀ hun sányán, tí àwọn ènìyàn ń yan jẹ ní àsìkò rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì thiamine, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn kò mọ̀, olùtọ́jú kò mọ̀. Ní 1994 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tí ó gba thiamine ló yára dìde. Lẹ́yìn náà ni a rí ensáìmù inú kòkòrò náà tí ń ba thiamine jẹ́, tí iná àdògán pàápàá kì í tètè borí.

Ẹ̀kọ́ gíga nínú famakọ́lọ́jì tún ń bèèrè pé, ara ta ni? Nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún àwọn ọkùnrin Yorùbá ni ensáìmù G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ohun tí Lucio Luzzatto ṣe ìwádìí púpọ̀ lé lórí nígbà tí ó wà ní Ìbàdàn. Irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀, káńfò tí ìyá rẹ̀ kó sáàárín aṣọ rẹ̀ nítorí kòkòrò lè tú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ká, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí ọpọlọ rẹ̀ sì bàjẹ́. Chloroquine náà, ta ni nínú àwọn àgbà wa tí kò rántí bí ó ti ń mú ara yún wọn títí wọ́n fi ń ha ara mọ́ ògiri? Àwọn ìwé òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í yún àwọn òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni wọ́n fi ojú pàtàkì wò ó, pé nítorí yíyún yìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń dá oògùn ibà dúró kí ó tó pé. Ní 2005 ni Nàìjíríà yí padà kúrò lórí chloroquine, ṣùgbọ́n nítorí pé kòkòrò ibà ti mọ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Nípa àwọn ewé tí ó ti di oògùn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí orin tí gbogbo ẹnu ń kọ ni. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa fi ń wo wèrè, ní reserpine nínú, Raymond Prince tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, sì kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Orín àtà ni Abayomi Sofowora àti Isaacs rí i lára rẹ̀ ní 1971 pé omi gbòǹgbò rẹ̀ a máa mú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dàbí dòjé padà bọ̀ sípò nínú ìgò. Orógbó ni Ebenezer Farombi ní Ìbàdàn ti ń wò tipẹ́ bóyá ohun inú rẹ̀ lè gba ẹ̀dọ̀ eku sílẹ̀ lọ́wọ́ oró ẹ̀bu tí ń hù lára ẹ̀pà. Ìgò ni ìgò, eku ni eku. Ọ̀nà jìn sí ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì lórí ohun tí ẹ̀kọ́ yìí lè ṣe fún ìlú, kí ó wo Frances Kelsey, obìnrin onímọ̀ famakọ́lọ́jì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Geiling gbà á sí Chicago nínú ìgbàgbọ́ pé ọkùnrin ní í ṣe, nítorí orúkọ rẹ̀; nígbà tí oògùn olómi kan sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà ní 1937, òun akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà lára àwọn tí ó ń tọ́jú eku tí wọ́n fi mọ̀ pé diethylene glycol, omi adùn tí wọ́n fi po oògùn náà, ni apani. Ní 1960, nígbà tí ó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n gbé thalidomide wá fún un kí ó fọwọ́ sí i, ó kọ̀, ó ní ẹ̀rí kò tó; nílẹ̀ Jámánì àti ní ibòmíràn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n bí láìlápá, láìlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, omi apani ti 1937 yẹn padà dé ní 1990 nínú paracetamol olómi, ó sì tún dé ní 2008 nínú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló sì kú. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kọ́ ní Chicago ní àádọ́rin ọdún ṣáájú ni ó pa àwọn ọmọ wọ̀nyí, kì í ṣe ohun tuntun.

Nílẹ̀ wa, dókítà, apoògùn àti oníṣègùn ẹranko ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dókítà a kọ́ ọ kí ó tó wọ wọ́ọ̀dù tán, a sì gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò; apoògùn, láti ìgbà tí Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ oyè rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù; oníṣègùn ẹranko ni ó sì sábà máa ń mọ májèlé oko jù wọ́n lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Síbẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í jókòó sí yàrá kan. Nípa ẹ̀rọ tí ń wá májèlé rí nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé láìfọwọ́ kàn án rí.

Àléébù tí ó dùn mí jù lọ wà nínú ìwé oyè gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ a já ewé kan, a sá a, a lọ̀ ọ́, a rẹ ẹ́ sínú ọtí, a fún eku jẹ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí méjìdínlọ́gbọ̀n, a wọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ wọn, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé náà kò léwu, a sì gboyè. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a já ewé mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí àgbo tí a ń tà lọ́jà tí ó jẹ́ ewé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí amu-àgbo-jẹ̀díjẹ̀dí tí ó mọ sí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú májèlé ní Ìbàdàn, ọjà Bódè kò jìnnà sí i. Kí ó lọ jókòó ti àwọn ìyá tí ń ta ewé àti egbò níbẹ̀, kí ó ra àgbo gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pò ó fún oníbàárà, kí ó wá májèlé inú rẹ̀ títí kan òjé àti èròjà oògùn òyìnbó tí ẹlòmíràn ń dà sí i. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́, kí ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tí kíndìnrín wọn dá ṣáká tí ọjọ́ orí wọn jọra, irú àgbo tí wọ́n ń mu, iye ife, àti iye ọdún.